Àtẹ̀jíṣẹ́ Aláìlámì àti Òdòdó Caroline

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Tíṣà Bámidélé fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní èdè Yorùbá, kò sì sí ohun tó ń bí i nínú ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn tó gbólóhùn tí kò lámì lórí. Bí ọmọ bá kọ "oko" sílẹ̀ lásán, Tíṣà á pè é síwájú kíláàsì. "Èwo nínú wọn? Oko tí bàbá rẹ ń ro, ọkọ̀ tó gbé ọ wá, àbí ọkọ ìyá rẹ?" Kíláàsì á bú sẹ́rìn-ín, ọmọ náà kò sì ní gbàgbé àmì mọ́ láyé. Ó ti fẹ̀yìn tì tipẹ́, irun orí rẹ̀ ti funfun bí òwú, síbẹ̀ bí wọ́n bá ti pín ìwé ìkéde ní ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì tí wọ́n ń lọ, báírò pupa á ti jáde lápò rẹ̀.

Caroline, ìyàwó rẹ̀, kò rí ti àmì rò. Nọ́ọ̀sì ni Caroline kó tó fẹ̀yìn tì, bí nọ́ọ̀sì ló sì ṣe ń kọ̀wé: kíákíá, ṣókí, ẹni tó bá máa yé á yé e.

"Bàbá Hadassah," ló máa ń wí, "bí mo bá ní kí n máa wá àmì kiri lójú fóònù, ọbẹ̀ á ti jóná."

Ilé wọn wà ní Yábàá, lápá ibi tí ọ̀nà ti ń dà sọ́dọ̀ Ìwáyà. Ẹni tó bá ti gbé àdúgbò yẹn rí, bó pẹ́ bó yá, bó wù kó lọ jìnnà tó, imú rẹ̀ kò ní gbàgbé afẹ́fẹ́ ọ̀sà tó máa ń fẹ́ wọlé nírọ̀lẹ́, tòun ti èéfín ẹja yíyan. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ni ilé ọ̀hún. Bàbá tó bí Tíṣà ló kọ́ ọ. Tíṣà àti Caroline ń gbé ìsàlẹ̀, Saidat tó ń ta aṣọ ní ọjà Tejúoṣó sì yá òkè. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ọgbà, lápá ibi tí oòrùn ti ń yọ, ni òdòdó Caroline wà.

Ìlú Lẹ́sítà lókè òkun, lọ́dọ̀ Hadassah ọmọ wọn, ni Caroline ti kọ́kọ́ rí i. Ó ń lọ ra búrẹ́dì láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó bá rí ìtàkùn kan tó gun ògiri aládùúgbò, tí òdòdó ara rẹ̀ gbòòrò ju àtẹ́lẹwọ́ àgbàlagbà lọ, àwọ̀ àlùkò tó jinlẹ̀ bí aṣọ bíṣọ́ọ̀bù. Caroline gbàgbé búrẹ́dì. Obìnrin tó ni ín jáde wá bá a, ó sọ orúkọ rẹ̀ fún un, kilẹmátíìsì, ó sì gé èyí tó ti ní gbòǹgbò fún un. Inú ìwé ìròyìn tútù ni Caroline wé e sí títí dé Yábàá. Bó ṣe kọjá lójú àwọn aṣọ́bodè, òun àti Ẹlẹ́dàá rẹ̀ ló mọ̀.

Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé yóò yè. Òdòdó ilẹ̀ òtútù ni.

"Mọ́mì," ni Saidat wí, "òtútù wo ló wà ní Yábàá tí ẹ fẹ́ fún un?"

"Èyí tó wà nínú fíríìsà mi."

Àwàdà kọ́ ló ń ṣe. Bí ọyẹ́ bá ti wọlé, tí ilẹ̀ gbẹ, àràárọ̀ ni Caroline ń kó omi dídì lọ sídìí òdòdó náà. Obìnrin Lẹ́sítà ti kọ́ ọ pé orí rẹ̀ ń fẹ́ oòrùn, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń fẹ́ ibòji, ó sì fi àfọ́kù táìsì bo ìdí rẹ̀. Lọ́dún àkọ́kọ́, ewé lásán ló yọ. Lọ́dún kejì, nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, òdòdó mẹ́ta là lára rẹ̀. Caroline gbé àga lọ síwájú wọn, ibẹ̀ ló ti mu tíì àárọ̀ fún ọjọ́ mẹ́sàn-án gbáko. Tíṣà dúró lẹ́yìn rẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó wò ó, ó ní, "Ó dára." Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni Caroline pe Hadassah: "Dádì yín ní ó dára." Ó sọ ọ́ bí ẹni tí wọ́n fi oyè dá lọ́lá.

Nígbà tó di oṣù kìíní ọdún yìí, egungun ìbàdí Caroline kò gbé e mọ́. Hadassah ti bá wọn ṣètò iṣẹ́ abẹ lọ́hùn-ún. Lọ́jọ́ tó ku ọ̀la kó rìnrìn àjò, Caroline fi ọ̀pá tilẹ̀ mú ọkọ rẹ̀ lọ sídìí ògiri. Ó sọ̀rọ̀ títí. Tíṣà tẹ̀ lé e nínú sálúbàtà ẹlẹ́nu gbòòrò, nítorí abẹ́ àtàǹpàkò ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ti le gbandi láti ìgbà Kérésìmesì, kò jẹ́ kó wọ bàtà gidi. Ó ká ìwé ìròyìn mọ́ abíyá.

"Ṣé ẹ gbọ́?"

"Mo ti gbọ́."

"Kí ni mo sọ?"

"O ní kí n tọ́jú rẹ̀."

"Ìyẹn nìkan lẹ gbọ́ nínú gbogbo ẹ̀."

"Ìyẹn ṣáà ni kókó ọ̀rọ̀."

Caroline wò ó bí nọ́ọ̀sì ṣe ń wo aláìsàn tó ní òun ti lo oògùn òun.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ náà. Ní nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀, fóònù Tíṣà dún. Ó wọ dígí rẹ̀.

"Baba Hadassah, won ti fe mu mi wole. E ma ge e ki n to de o. E gbadura."

Tíṣà gbàdúrà lákọ̀ọ́kọ́. Lẹ́yìn náà ló tún un kà. Kò ṣiyèméjì pé òdòdó ló ń sọ. Kí ni Caroline tún fi ẹnu bà ní gbogbo oṣù yẹn? Àṣẹ tó pa lórí rẹ̀ ni kò yé e. Ó fa báírò pupa yọ, ó yí ìwé iná mànàmáná dé, ó kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta sẹ́yìn rẹ̀:

Ẹ má gé e kí n tó dé o.
Ẹ máa gé e kí n tó dé o.
Ẹ máa gẹ̀ ẹ́ kí n tó dé o.

Ó pe Caroline. Wọ́n ti pa fóònù. Ó pe Hadassah.

"Dádì, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tì wọ́n wọlé ni. Dókítà ní bíi wákàtí mẹ́ta."

"Ó dáa. Ọlọ́run á wà níbẹ̀."

"Ṣé kò sí nǹkan, Dádì?"

"Kò sí."

Ibi tí wọ́n bá ti ń béèrè ẹ̀mí, àgbàlagbà kì í béèrè òdòdó níbẹ̀. Àmọ́ nǹkan kan tún wà tí kò fẹ́ wò lójú: bí wọ́n bá wá parí iṣẹ́ abẹ náà tí Caroline kò sì jí, gbólóhùn kúkúrú yìí ni ìkẹyìn tó bá a sọ. Kò jẹ́ kí èrò náà parí lọ́kàn rẹ̀. Ohun tó fẹ́ kò ju pé kó ti ṣe ohun tí obìnrin náà wí kó tó lajú.

Saidat ń sọ̀ kalẹ̀ láti òkè, ó ń lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Tíṣà na ìwé náà sí i.

"Wá bá mi wò ó. Èwo lo rò pé ó jẹ́?"

Saidat kà á, ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ máa gẹ̀ ẹ́. Wọ́n ní kí ẹ máa kẹ́ ẹ ni, Dádì. Ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ni."

"Caroline?"

"Kí ló dé?"

"Ọdún mẹ́tàlélógójì tí mo ti fẹ́ ẹ, n kò gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu rẹ̀ rí. Á wẹ ọmọ, á fún ọmọ lóògùn, á gé èékánná ọmọ. Kì í gẹ̀."

"Ó lè jẹ́ ẹ̀yin ni ẹ ò gbọ́."

Tíṣà ṣe bí ẹni pé kò gbọ́ ìyẹn náà.

"Ẹ má gé e ńkọ́?" ni Saidat tún wí.

"Ta ló dá a lábàá pé èmi fẹ́ gé e? Ọlọ́gbọ́n kì í ka ohun tí kò sẹ́ni tó fẹ́ ṣe é léèwọ̀. Wo nǹkan yìí." Ó nawọ́ sí ògiri. Ọyẹ́ ti mú òdòdó náà. Gbogbo ewé rẹ̀ ti rẹ̀, ìtàkùn rẹ̀ gbẹ, ó pọ́n bí okùn àtijọ́. "Bí nọ́ọ̀sì bá rí ohun tó ti kú lára ohun tó ṣì wà láàyè, kí ló máa ń ní kí wọ́n ṣe sí i?"

"Dádì, ẹ dúró dè wọ́n kí wọ́n jí."

"Yá mi ní àlùmọ́gàjí rẹ."

"Àlùmọ́gàjí aṣọ mi? Kẹ́ ẹ fi gé igi?"

Ṣùgbọ́n Tíṣà ti na ọwọ́, ọwọ́ tó ti ń gba nǹkan lọ́wọ́ ọmọ kíláàsì láti ayébáyé, Saidat kò sì mọ̀gbà tó yọ ọ́ nínú báàgì. Tíṣà gé òdòdó Caroline láti òkè wá sísàlẹ̀. Ó gé e títí tí kò fi ga ju orúnkún lọ. Ó fara balẹ̀ ṣe é, bí ẹni ń jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán an. Ó di ìtàkùn gbígbẹ náà ní ìdì mẹ́rin, ó kó wọn síta fún àwọn agbálẹ̀. Saidat dúró, ó ń wo ẹnu àlùmọ́gàjí rẹ̀, ó sì ń wo kùkùté náà, kò mọ èyí tí yóò kọ́kọ́ dárò.

Ní nǹkan bí aago méjì, Hadassah pè: iṣẹ́ abẹ ti parí, ó sì yọrí sí rere. Tíṣà wólẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì, ó dúpẹ́. Nígbà tó dìde, ó jáde lọ wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, inú rẹ̀ sì dùn sí i.

Ọjọ́ kejì ni Caroline fúnra rẹ̀ pè. Ohùn rẹ̀ tín-ín-rín, ṣùgbọ́n òun náà ni.

"Bàbá Hadassah. Ṣé ẹ ò gé e?"

Lójú fóònù kò sí àmì. Létí, kedere ló wà. Gé. Ohùn òkè, bí ìgbà tí èèyàn fi ìṣó kan pákó.

"Gé kí ni?" ni Tíṣà wí, wọ́ọ́rọ́.

"Kí tún ni? Abẹ́ àtàǹpàkò yín ni. Mo mọ̀ pé bí mo bá ti yíjú, ẹ ó lọ ra bíléèdì, ẹ ó bẹ̀rẹ̀ sí í fá a. Ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà kì í fi irin kan ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Wọ́n ń tì mí lọ lórí bẹ́ẹ̀dì, nǹkan tó ń da ọkàn mi láàmú nìyẹn. Mo ní kí wọ́n fún mi ní fóònù. Nọ́ọ̀sì wọn ń bínú."

Tíṣà wo kùkùté náà láti ojú fèrèsé.

"Ẹ̀ ń gbọ́ mi?"

"Mò ń gbọ́. N kò gé e."

"Ẹ ṣeun. Òdòdó mi ńkọ́?"

"Ó wà níbẹ̀."

Òtítọ́ méjì ló sọ yẹn, kò sì rójú jókòó sórí èyíkéyìí nínú wọn. Ó jáde lọ sídìí ògiri, ó sì dúró pẹ́. Orí bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n ń tì lọ sábẹ́ ọ̀bẹ ni obìnrin yìí wà, ẹsẹ̀ ọkọ rẹ̀ ló ń rò. Lákòókò kan náà, ọkọ rẹ̀ wà níbí, ó ń gé ohun kan ṣoṣo tó fi sílẹ̀ fún un.

Láti ọjọ́ náà ni Tíṣà ti di aláàárọ̀. Aago mẹ́fà, á ti kó omi dídì jáde nínú fíríìsà. Ó tún àfọ́kù táìsì tò. Ó gbìyànjú láti rántí gbogbo ohun tí Caroline sọ lọ́jọ́ tí ìwé ìròyìn wà lábíyá rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan á wá, méjì á sá lọ. Ó so agbòòrùn dúdú kan mọ́ igi, ó fi ṣíji bo kùkùté náà lọ́sàn-án.

"Ẹ̀ ń gẹ̀ ẹ́ nìyẹn," ni Saidat wí nígbà tó ń kọjá.

"Máa lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ."

Oṣù kejì kọjá, kùkùté náà kò mira. Tíṣà mú fọ́tò òdòdó ọdún tó kọjá, ó lọ bá Àlíyù tó ń ta òdòdó lẹ́bàá títì ní Ìgánmú. Àlíyù gba fóònù náà, ó wò ó, ó yí i sọ́tùn-ún sósì.

"Bàbá, mi ò ní irú èyí. Mi ò tiẹ̀ rí i rí. Ṣùgbọ́n ẹ wo eléyìí." Ó gbé ìkòkò ìtàkùn kan síwájú, òdòdó ara rẹ̀ kéékèèké, àwọ̀ àlùkò náà ni. "Òun náà ń gun ògiri. Ta lẹ fẹ́ tàn?"

"Ìyàwó mi."

Àlíyù gbé ìkòkò náà padà síbi tó wà. "Ẹ máa lọ sílé, Bàbá. Ìyàwó kọ́ ni wọ́n ń fi irú eléyìí tàn. Lándílọ́ọ̀dù ni."

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, Caroline ní kó ya fọ́tò òdòdó òun ránṣẹ́. Tíṣà ní oòrùn ti pọ̀ jù. Lọ́sẹ̀ kejì ó ní ojú fóònù òun ti ṣú. Saidat ló wá bá a lọ́ọ̀dẹ̀, ó ní kó fi ti ọdún tó kọjá ránṣẹ́ ṣebí ògiri kan náà ni. Tíṣà yọ fọ́tò náà, òdòdó mẹ́ta tó là bí àwo. Ìka rẹ̀ wà lórí ibi tí yóò tẹ̀. Ó ronú bí Caroline yóò ṣe dúpẹ́, tí yóò nawọ́ fóònù sí Hadassah, tí yóò ní, "Wò ó bí Dádì yín ṣe tọ́jú rẹ̀." Ó gbé ìka kúrò.

"N kò ní lè ka èsì rẹ̀," ló wí.

Dípò ìyẹn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé. Ó ní kí Saidat fi ibi tí àmì wà lórí fóònù han òun, ó sì lò tó ogójì ìṣẹ́jú lórí ìlà méjì, kò sí àmì kan tó yẹ̀:

"Caroline, mo gé òdòdó rẹ lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún ọ. Èmi ni mo ṣi ọ̀rọ̀ rẹ kà. Jọ̀wọ́, má bínú."

Ó tẹ̀ ẹ́. Ó rí i pé Caroline ti kà á. Kò sí èsì. Ó jẹun ọ̀sán, kò mọ ohun tó jẹ. Ní nǹkan bí aago mẹ́rin, fóònù dún.

"Ẹ gé e dé ibo?"

"Dé orúnkún."

Tíṣà fi fóònù mọ́ etí dáadáa. Lẹ́yìn náà ló gbọ́ nǹkan kan bí ẹkún, tó ń dáwọ́ dúró tó tún ń bẹ̀rẹ̀.

"Caroline. Má sunkún."

"Ta ló ń sunkún? Ẹ má pa mí lẹ́rìn-ín, ibi tí wọ́n rán ń dùn mí." Ó mí kanlẹ̀. "Bàbá Hadassah, ọdún méjì ni obìnrin tó fún mi ní nǹkan yẹn ti ń sọ fún mi lórí Wasáàpù. Gé e dé orúnkún lọ́dọọdún. Bí o kò bá gé e, ìtàkùn lásán ni wàá máa rí. Mo ti dúró ti dókítà tó ń gé ẹsẹ̀ èèyàn, ọwọ́ mi ò gbọ̀n. Èyí, ọwọ́ mi ò gbà á. Màá mú àlùmọ́gàjí dé ibẹ̀, màá tún mú un padà."

"O ò sọ fún mi."

"Mo sọ fún yín. Ọkàn yín wà lára ìwé ìròyìn abíyá yín."

Tíṣà gbà bẹ́ẹ̀. "Ṣé yóò hù?"

"N kò mọ̀. Ti Lẹ́sítà ni ìyá yẹn mọ̀. Kò sẹ́ni tó mọ ti Yábàá. Ẹ má dá omi dídì yẹn dúró ṣá. Saidat sọ fún Hadassah pé ẹ ti di aláàárọ̀, mo ní irọ́ ni."

Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ lóru ọjọ́ kẹta oṣù kẹrin. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin, Tíṣà bẹ̀rẹ̀ síwájú kùkùté náà, ó rí ọ̀mùnú kan lábẹ́ ibi tó gé, pupa fẹ́ẹ́, kò ju orí ìṣáná lọ. Ó bọ́ dígí, ó nu ún, ó tún un wọ̀. Méjì ni wọ́n, wọ́n kọjú síra wọn. Ó pe Caroline lójú ẹsẹ̀, kò sì rò ó pé ó lè ṣì máa sùn lọ́hùn-ún. Obìnrin náà kò bínú. Ó ní kó tún sọ ọ́.

Ìtàkùn tí wọ́n ti gé, tí òjò sì bá, ohun tó ń bá a lé kò hàn sí èèyàn. Kó tó di ìparí oṣù kẹrin, ó ti dé èjìká Tíṣà, àwọn èyí tó hù láti ìdí rẹ̀ lé ní mẹ́jọ. Saidat bá a kó àjákù àǹkárá wá láti Tejúoṣó, Tíṣà fi ń so wọ́n mọ́ wáyà ara ògiri lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní ọ̀sẹ̀ tí Caroline fẹ́ dé, ó rudi.

Àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta ni ọkọ̀ gbé Caroline wọ ọgbà. Ó sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀, pẹ̀lú ọ̀pá. Ó ti fọn díẹ̀. Saidat sáré wá kúnlẹ̀, ó dì mọ́ ọn.

"Mọ́mì, ẹ káàbọ̀. Ẹ jẹ́ ká wọlé, mo ti se oúnjẹ."

"Mò ń bọ̀, ìyá mi."

Kò wo ilé. Ẹsẹ̀ rẹ̀ gba apá ibi ògiri lọ, díẹ̀díẹ̀, ọ̀pá ní ń ṣíwájú. Tíṣà tẹ̀ lé e. Ó ti ro ohun tí yóò sọ bí wọ́n bá dé ibẹ̀, ó sì ti gbàgbé rẹ̀. Ó dúró sẹ́yìn obìnrin náà bí ọmọ kíláàsì tí wọ́n ń máàkì ìwé rẹ̀ lójú rẹ̀.

Caroline wò ó láti òkè dé ilẹ̀. Ó wo ibi tí wọ́n ti gé. Ó fi ìka kan ọ̀kan nínú àwọn tó rudi, ó gbé e sókè díẹ̀ bí ẹni ń gbé àgbọ̀n ọmọdé sókè. Ẹnu òdòdó náà ti ń fi àwọ̀ àlùkò hàn.

"Ta ló so wọ́n báyìí?"

"Èmi ni."

"Ó fún wọn jù. Ẹ wo ọrùn eléyìí. Ẹ tú u díẹ̀."

Tíṣà sún mọ́ ọn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú kókó àǹkárá náà. Caroline fi ọ̀pá rẹ̀ ti ògiri. Ó gbé ọwọ́ lé èjìká ọkọ rẹ̀, ó fi gbogbo ara tì í, ó sì rọra bẹ̀rẹ̀ kó lè wo àwọn tó wà nísàlẹ̀.